Ọjọ́ tí Bàbá Wolé-wolé Jókòó sórí Bẹ́ǹṣì

Bí o bá ń wọ Lálúpọn ní òwúrọ̀ tí wọ́n ń yan gàrí, òórùn ẹ̀gẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí ojú rẹ tó rí ilé kankan. Òórùn kíkan ni, ti ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n ti dà sínú àpò, tí wọ́n sì gbé òkúta lé lórí kí omi ara rẹ̀ lè jò dànù. Èéfín igi á wá dà pọ̀ mọ́ ọn, àti òórùn gàrí tó ń gbẹ lórí iná. Àwọn àlejò a máa fi aṣọ bo imú. Ní tèmi, ara mi a máa balẹ̀ ni tí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, nítorí inú òórùn yẹn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe dòní, ibẹ̀ náà sì ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Abẹ́ páànù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí náà, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ yọ̀ǹda fún ẹgbẹ́ ìlera wa. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a máa ń gbé tábìlì kan síbẹ̀, a ó tẹ́ aṣọ funfun lé e, a ó sì gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ka orí rẹ̀. Afúnpá ni àwọn obìnrin náà ń pe ẹ̀rọ yẹn, nítorí bó ṣe ń fún wọn lápá. Àwọn tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, wọ́n á máa sún mọ́ tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, èérún ẹ̀gẹ́ á ṣì wà lápá wọn, á máa já bọ́ sórí aṣọ funfun wa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, a ó fún un lóògùn tí dókítà tó ń bá wa ṣiṣẹ́ bá fọwọ́ sí, a ó sì bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ìsinmi. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá agbára wa, ọkọ̀ wa á gbé e lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn pọ̀ tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní agbègbè yẹn lónìí, tí ì bá ti dùbúlẹ̀ sílé bí kò bá sí i.

Bàbá Wolé-wolé ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Láti inú iṣẹ́ tí wọ́n fi ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣe ni orúkọ náà ti wá. Wolé-wolé ìjọba ni wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wọ aṣọ kakí, tí wọ́n á wọ ilé onílé láti wò ó bóyá tanwíji wà nínú ìkòkò omi, bóyá àyíká mọ́ tàbí kò mọ́. Ìyá ìyá mi sọ fún mi pé nígbà náà, tí wọ́n bá ti gbúròó Bàbá ní Erúnmu, ńṣe ni àwọn obìnrin máa ń sáré da omi inú ìkòkò nù, omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn bọ̀ láti odò! Àwọn obìnrin tó ń sá fún wọn nígbà yẹn gan-an ni mo wá bá tí wọ́n ń pè wọ́n ní bàbá wa.

Lẹ́yìn tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni àbúrò wọn ṣubú lójú oko. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀. Ohun tó dun Bàbá jù nìyẹn, pé kò sí ẹni tó mọ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ kan, wọ́n gun alùpùpù wọn àtijọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé. Ẹni tí wọ́n bá bá lábẹ́ igi, wọ́n á kí i tán, wọ́n á ní, “Gbé apá ẹ wá.” Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alàgbà ìjọ Kérúbù ni Bàbá, aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n lẹ́mọ́mù Lálúpọn a máa pè wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kí wọ́n wá bá àwọn jàmáà sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ́ Mùsùlùmí, alàgbà Kérúbù ló ṣàlàyé fún mi ohun tí n ó fi ṣe sààrì nígbà ààwẹ̀ tí òùngbẹ kò fi ní gbẹ mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti ṣiṣẹ́ nígboro Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀ kí n tó wá sọ́dọ̀ Bàbá, ìwọ náà sì mọ bí iṣẹ́ ìgboro ṣe máa ń tán èèyàn lókun. Mo ní kí n kàn wá simi ni, kí n máa bá wọn yí abúlé ká títí màá fi rí iṣẹ́ mìíràn. N kò wá iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn. Lọ́jọ́ kan tí mo kígbe mọ́ àgbẹ̀ kan tí kò lo oògùn rẹ̀, Bàbá dúró títí a fi wọ inú ọkọ̀. Wọ́n wá rọra ní, “Òótọ́ lo sọ fún un, ó dáa. Àmọ́ sọ ọ́ bí ẹni tó máa tún rí i lọ́la.” Mo sì ń gbìyànjú láti ìgbà náà.

Ọ́fíìsì wa wà ní Alákìá, yàrá méjì lẹ́yìnkùlé ilé kan tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfúrufú. Tí ọkọ̀ òfúrufú bá ń balẹ̀, páànù ilé á máa gbọ̀n, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì dákẹ́ títí ariwo náà á fi kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Bàbá pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. “Mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀,” wọ́n ní. Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ọkọ̀ òfúrufú kan ń bọ̀ lókè. A jókòó, à ń wo ara wa. Mo rò pé ẹrù kan ló wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ ká bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ariwo náà lọ tán ni wọ́n là á yé wa pé iṣẹ́ náà ni, ipò olórí ẹgbẹ́.

“Ṣé ara yín ò yá ni, Bàbá?” awakọ̀ wa ló béèrè. Ó ti ń wà wọ́n kiri láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ti ní ọkọ̀.

“Ara mi yá. Ìdí tí mo fi fẹ́ lọ báyìí nìyẹn. Tí mo bá dúró di ìgbà tí ara ò yá, èmi lẹ ó máa gbé kiri. Ta ló máa wá gbé iṣẹ́?” Wọ́n yíjú sí mi. “Ìwọ ni kó o máa ṣe olórí.”

“Bàbá, mi ò lè ṣe é.”

“O ti ń ṣe é. Wọn ò kàn tíì fi pè ẹ́ ni.”

N kò ní parọ́ fún ọ, inú mi dùn. Ẹ̀rù sì bà mí ju bí inú mi ṣe dùn lọ. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo dáná tán, mo gbàgbé láti jẹun. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni àwọn èèyàn tó wà káàkiri abúlé wọ̀nyẹn, bóyá wọ́n á gbà fún mi. N kò mọ̀ pé Lálúpọn, ibi tí mo rò pé wọ́n fẹ́ràn mi jù, ni wọn kò ti ní gbà.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀ láìsí Bàbá, a tẹ́ tábìlì wa bí a ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin náà ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn, nítorí ẹni tó mọ ìwà hù ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dìde. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Àlejò kan tó wá ra gàrí láti ọ̀nà Ìwó nìkan ló jókòó kí n wo apá òun, òun náà sì ń wo ojú àwọn obìnrin náà bí ẹni tó ṣèèṣì wọ ilé onílé. Nígbà tó yá, mo lọ bá olórí àwọn onígàrí níbi tó jókòó sí. Alájà ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, ìyá àgbà kan tó lóhùn, tó sì lọ́wọ́ nínú gbogbo nǹkan tó ń lọ lábẹ́ páànù yẹn.

“Alájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n wo apá yín.”

Wọn kò gbójú sókè. “Níbo lo gbé bàbá wa sí?”

“Wọ́n ti sinmi, ma. Àwọn fúnra wọn ló ní ó tó.”

“Ẹni tó ń rìn, tó ń jẹun, tó ń rẹ́rìn-ín, òun ló ní ó tó?” Alájà ju ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn sínú omi, omi ta sí mi láṣọ. “Nọ́ọ̀sì, lọ bá wa mú bàbá wa wá.”

Awakọ̀ wa ló gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà ní ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní èmi ni mo lọ bá àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ nígboro, tí mo sọ fún wọn pé Bàbá ti darúgbó, pé kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn fún mi. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? N kò mọ̀ dòní. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní bàbá. Ó dùn mí dé egungun, mo sì fi ẹkún délé.

Ṣùgbọ́n Alájà fúnra wọn ló ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀sùn náà lọ. Nínú gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tiwọn ló máa ń ru jù, wọn kò sì fẹ́ràn oògùn. Bàbá ló máa ń bá wọn ṣàwàdà, tí wọ́n á máa pè wọ́n ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà títí Alájà á fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì gbé oògùn mì. Mo mọ̀ pé èyí tí a fún wọn gbẹ̀yìn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo fi òmíràn rán obìnrin kan sí wọn. Obìnrin náà dá a padà fún mi pẹ̀lú ìtìjú lójú rẹ̀. Ó ní Alájà ní àwọn kò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́bọ̀ kejì rí bí ti àkọ́kọ́. Ìgbà tí a ń kẹ́rù padà sínú ọkọ̀, awakọ̀ wa kò tilẹ̀ bi mí léèrè, ọ̀nà Erúnmu, níbi tí Bàbá ń gbé, ló gbà.

A bá Bàbá lẹ́yìnkùlé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ro ìdí ilá. Wọ́n yọ̀ mọ́ wa, ìyàwó wọn sì gbé àgbàdo sísè àti àgbọn wá, ooru rẹ̀ ṣì ń yọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bẹ́ǹṣì tó ṣófo títí dé orí oògùn tí Alájà dá padà. Bàbá fetí sílẹ̀, ọkọ́ wà léjìká wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa débẹ̀ kẹ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan látẹnu yín ti tó.”

“Tí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa gbọ́,” wọ́n ní. “Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ tí mi ò bá lè wá mọ́, ta ló máa bá ẹ sọ ọ́?”

“Alájà lè ṣubú kó tó di ọjọ́ yẹn.”

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá lára, nítorí wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, síbi tí ilé àbúrò wọn tó kú wà. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, “Jẹ àgbàdo ẹ, ọmọ mi, kó má tutù.”

Inú bí mi. Mo rò ó pé ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n lo oògùn, báwo ló ṣe wá di pé kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan? Nígbà tí mo dìde, ìyàwó Bàbá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú. “Má bínú sí wọn,” ìyá ní. “Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wẹ̀, tí wọ́n ń wọṣọ, tí wọ́n ń jókòó síwájú ilé bí ẹni ń retí ọkọ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Kò sẹ́ni tí wọ́n ń sọ fún.” Láti ìgbà tí Bàbá ti sọ iṣẹ́ náà kalẹ̀, bó ṣe nira fún mi láti gbé e nìkan ni mò ń rò. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó sọ ọ́ kalẹ̀ náà ń jìyà tirẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, a tún tẹ́ tábìlì. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Alákìá tí a bá tún padà lọ́wọ́ òfo, nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀kadà. Bàbá ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, nínú bùbá àti ṣòkòtò tí aró rẹ̀ ti ṣá, ọwọ́ kan lórí fìlà kí atẹ́gùn má baà gbé e. Kí wọ́n tó sọ̀ tán, àwọn obìnrin ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀. “Bàbá wa ti dé! Bàbá wa ti dé o!” Àwọn kan ń kúnlẹ̀, àwọn kan ń nu omijé, ẹnì kan ti sáré wọlé lọ gbé àga onítìmùtìmù jáde. Mo dìde. Mo rò pé wọ́n ti yí ọkàn padà, wọ́n wá bá mi sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Alájà gba àga náà, wọ́n sì wọ́ ọ dé ẹ̀yìn tábìlì mi.

“Bàbá, ẹ wá jókòó sí àyè yín.”

“Ẹ ṣeun, Alájà. Àyè mi ni mò ń lọ.” Bàbá kọjá lára àga náà, wọ́n lọ síbi bẹ́ǹṣì, wọ́n sì jókòó sí ìkángun tó jìnnà jù sí mi, níbi tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń jókòó sí. Kò sí ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò dìde wá bá mi. Wọ́n ká ọwọ́ lé itan, wọ́n ń dúró kí n pè wọ́n.

“Ẹni tó kàn,” mo ní.

Wọ́n wá jókòó níwájú mi, wọ́n ká apá bùbá wọn sókè. “Ẹ kú iṣẹ́, ma,” Bàbá ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.”

Ọ̀rẹ́ mi, láti ọjọ́ tí mo ti mọ Bàbá, ìwọ ni mò ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Mo kéré sí àbíkẹ́yìn wọn. Kò sì sí ẹnì kan lábẹ́ páànù yẹn tí kò gbọ́ bí wọ́n ṣe fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wo ojú wọn, mo rí i pé wọn kò ṣeré rárá. Mo gbé ohun tó wà lẹ́nu mi mì, mo sì wé ẹ̀rọ náà mọ́ wọn lápá.

Mo wò ó, mo tún un wò. “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ru.”

“Tèmi kẹ̀?” Ojú wọn là. Mo mọ ojú yẹn dáadáa, mo ti rí i lára àìmọye aláìsàn, n kò sì rò pé n ó rí i lára Bàbá láéláé.

“Tiyín ni. Ìgbà wo lẹ wò ó gbẹ̀yìn?”

“Látìgbà tí mo ti fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún yín.”

“Iyọ̀ ńkọ́?”

Wọ́n wo ilẹ̀. “Ìyàwó mi ló ń fi í sọ́bẹ̀.”

Ẹ̀rín bú lábẹ́ páànù. Ẹ̀rín fẹ́ gba èmi náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé aláìsàn ló wà níwájú mi. Mo pe dókítà wa lórí fóònù, mo sì fún wọn lóògùn tó ní kí wọ́n lò. “Ẹ má dì í ru ìyá, Bàbá. Láti òní lọ, kí iyọ̀ dín kù. Ẹ lo èyí lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí mi ò bá rí yín, màá wá bá yín nílé.”

“Mo gbọ́, ma. Bẹ́ ẹ ṣe wí ni màá ṣe.” Wọ́n sọ apá bùbá wọn kalẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n nawọ́ sí bẹ́ǹṣì fún Alájà bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó kàn.

Alájà nu ọwọ́ wọn lára ìró, wọ́n wá jókòó. Ohun tí ẹ̀rọ náà fi hàn mí ga kọjá ààlà. Mo gbé e sí apá kejì, kò yàtọ̀. Mo bi wọ́n bóyá orí ń fọ́ wọn. Wọ́n ní ó ti ṣe díẹ̀, pé oòrùn ni.

“Kì í ṣe oòrùn, Alájà. Ọsibítù là ń lọ báyìí.”

“Ọsibítù kẹ̀? Gàrí mi ń bẹ lórí iná.” Ojú wọn lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ojú gbogbo àwọn tó kù náà sì lọ síbẹ̀. Èmi gan-an wò wọ́n, kí n má tàn ọ́.

“Èmi kọ́ lẹ máa wò,” Bàbá ní. “Nọ́ọ̀sì wa ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi ti gba tèmi.”

Alájà yí ojú padà sí mi. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. “Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?”

“Ó burú, ma. Àmọ́ a ṣì lè tètè bá a, tẹ́ ẹ bá dìde báyìí.”

Wọ́n dìde. Obìnrin kan ti gba igbá lọ́wọ́ wọn, ó sì ń bá wọn yan gàrí náà lọ. Nínú ọkọ̀, Alájà di ọwọ́ mi mú láti Lálúpọn títí a fi dé ọsibítù. Dókítà tó gbà wá wọlé ní ó dára tí a kò jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Wọ́n dá wọn dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, alihamudulilai, ara wọn sì balẹ̀. Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, wọ́n ti ń bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ jà lórí oúnjẹ tí kò ládùn, mo sì mọ̀ pé Alájà wa ti padà.

“Nọ́ọ̀sì,” Alájà ní, “ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́sí.”

“Ẹ jẹ́ kó lọ, ma.”

“Mi ò ní jẹ́ kó lọ. Ìta gbangba ni mo ti sọ ọ́. Tí mo bá délé, ìta gbangba náà ni màá ti tún un sọ.” Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Alájà ló máa ń kó àwọn obìnrin jáde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Tí ẹnì kan bá ń lọ́ra nídìí ẹ̀gẹ́, ohùn wọn á ti dé ibẹ̀ kí n tó dìde.

Bàbá náà ń wá. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á bá àwọn tó wà níbẹ̀ tàkúrọ̀sọ nípa òjò àti àgbàdo, wọ́n á sì dúró kó kàn wọ́n. Awakọ̀ wa bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ru kí wọ́n tó wá jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní rárá o, pé àwọn wá ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ni, nọ́ọ̀sì ló wá ran àwọn lọ́wọ́.

Ìgbà tí òjò ọdún náà dá pátápátá la ṣe ìdágbére fún wọn níbẹ̀. Kò sí àríyá kan tó le. Lẹ́mọ́mù ṣàdúà, àwọn ará ìjọ wọn kọrin, Alájà sì dìde wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, omi wa ni wọ́n ń dà nù. Nígbà tí wọ́n dàgbà, iyọ̀ wa ni wọ́n ń gbà. A ò mọ ohun tó tún kù tí wọ́n fẹ́ gbà, àmọ́ a máa fún wọn.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Àwọn onígàrí gbé àpò gàrí kan fún wọn, funfun, tó gbẹ dáadáa, irú èyí tí wọn kì í tà fún àwọn èrò Ìbàdàn. Bàbá dì í mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ Bàbá kò gbà wọ́n láti máa wá sí Lálúpọn mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń lọ wò wọ́n ní Erúnmu. Wọ́n á ká apá aṣọ sókè, wọ́n á bi mí léèrè Alájà, wọ́n á bi mí léèrè àwọn ọmọ awakọ̀, wọ́n á ní ṣé àgbàdo ti ń jáde lọ́nà ibẹ̀. Wọn kì í bi mí bí mo ṣe ń darí ẹgbẹ́. Nígbà tí a kó ọ́fíìsì wa kúrò ní Alákìá, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbọ́ ọ kí n tó débẹ̀. Mo rí i lójú wọn pé ó ń wù wọ́n láti sọ̀rọ̀. Àwọn fúnra wọn ló wá yàrá méjèèjì yẹn, àwọn ló kùn ún. Ètè wọn là, wọ́n wo igi ọsàn tó wà lójúde, wọ́n sì bi mí bóyá mo fẹ́ mú lára ọsàn náà lọ sílé fún àwọn ọmọ mi.

Mo ká ọsàn lọ́jọ́ náà, mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí n tó ní kí awakọ̀ máa lọ. Àwọn èèyàn ti yìn mí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìyìn kan tó wọ̀ mí lọ́kàn tó ọ̀rọ̀ tí Bàbá gbé mì lójúde wọn. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọjọ́ tí wọ́n pè wá jọ tí wọ́n ṣí fìlà ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ó wá yé mi pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi lé mi lọ́wọ́, àti pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ wò wọ́n, tí wọ́n bá bi mí léèrè òjò dípò ẹgbẹ́, wọ́n tún ń fi í lé mi lọ́wọ́ sí i.